Bọ́ọ̀lù Ìwẹ̀ Wúràọlá

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dùn mọ́ mi jù, nítorí mi ò lè mú un mọ́ra: inú ẹnu ni Wúràọlá ti rí i. Kì í ṣe nínú ìwé, kì í ṣe lọ́dọ̀ olùkọ́ kankan. Inú ẹnu ara rẹ̀!

Abẹ́ igi oṣè tó wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀ ní abúlé Kpingni ló jókòó sí lọ́jọ́ náà, ó ń lọ kán-ún lórí ọlọ. Èso oṣè wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó ń lá ìyẹ̀fun funfun kíkan ara rẹ̀ bí ọmọdé ṣe máa ń lá a, nítorí kò sí ẹnikẹ́ni nínú ilé tí yóò sọ pé, "Àgbàlagbà, ojú ò tì ọ́?" Ó fi ìka tó kún fún kán-ún nu ètè. Kán-ún bọ́ sẹ́nu, ó pàdé kíkan oṣè. Ẹnu rẹ̀ hó! Ìfófòó ń yọ ní ẹ̀gbẹ́ ètè rẹ̀ bíi ti ẹṣin tó sáré dé. Ẹ̀rù bà á, ó tutọ́ dànù, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wo itọ́ náà bó ṣe ń hó lórí àpáta. Bó ṣe bú sẹ́rìn-ín nìyẹn, ó yíjú sí ẹnu ọ̀nà, ó pariwo pé, "Eustache, wá wò ó!"

Eustache, ọkọ rẹ̀, ti kú láti ìgbà òjò èṣí.

Wúràọlá kì í ṣe ọmọ Kpingni. Ọmọ àwọn Yorùbá oníṣòwò Mùsùlùmí inú ọjà ìlú Dassa, nísàlẹ̀ òkè, ni. Bàbá rẹ̀ ń ta kán-ún tí ọkọ̀ ń kó bọ̀ láti òkè ọya, ó ń ta obì àti àtùpà mọ́ ọn. Kán-ún yìí náà ló mú Eustache wọ ilé wọn. Ọmọ àgbẹ̀ orí òkè ni Eustache, ará Kátólíìkì, ẹni tó tẹ́ẹ́rẹ́ tó sì gùn bí ọ̀pá àgbàdo. Ìyá rẹ̀ rán an pé kó wá ra kán-ún tí wọn yóò fi se ẹ̀wà. Ó rà á. Ó tún padà wá rà á. Ó ń rà á títí Bàṣírù, ẹ̀gbọ́n Wúràọlá, fi bi í pé, "Ọ̀rẹ́, ẹ̀wà wo ni ìyá rẹ ń sè tí kò jinná láti oṣù tó kọjá?"

Eustache wo Wúràọlá níbi tó dúró sí lẹ́yìn àpò kán-ún, ó ní, "Ẹ̀wà ti jinná, ẹ̀gbọ́n. Èmi gan-an ni mi ò tíì jinná."

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀! Ó fẹ́ ẹ. Bàbá wọn kò ṣépè, kò sì súre. Ó kàn dákẹ́, ìdákẹ́jẹ́ náà sì wà láàárín ilé méjèèjì bí ògiri. Wúràọlá gun òkè lọ sí Kpingni pẹ̀lú àwọn igbá tí ìyá rẹ̀ fún un, igbá tí wọ́n fi irin gbígbóná ya àmì ẹsẹ̀ ẹyẹ sí lára yípo. Eustache ń lọ sí Mísà, òun ń kírun tirẹ̀ nínú yàrá, ẹlẹ́dẹ̀ kò sì wọ ìkòkò wọn rí. Ọlọ́run kò fún wọn lọ́mọ. Orúkọ tí gbogbo ilé ọkọ ń pè é ni "Ìyàwó", kódà nígbà tí irun rẹ̀ ti ń funfun. Òun náà kì í pe ẹnikẹ́ni nínú wọn lórúkọ, gẹ́gẹ́ bí ìyàwó ilé. Victoire, àbúrò Eustache obìnrin, "Ọkọ mi" ló ń pè é.

Eustache rí iṣẹ́ ní ilé àlejò kan lẹ́bàá títì tó lọ sí Parakou, ó ń fọṣọ fún àwọn aláwọ̀ funfun tí ń kọjá. Ọ̀kan nínú wọn gbàgbé nǹkan roboto kan sí ilé ìwẹ̀, wọ́n fi bébà aláwọ̀ oòrùn wé e. Eustache rò pé ọṣẹ ni. Ó mú un wálé, ó bu omi tútù sínú bàsíà ńlá, ó jù ú sí i. Omi tútù hó! Kò sí iná, kò sí èéfín, omi ń hó, òórùn òdòdó ọsàn sì gba gbogbo ilé. Ìyàwó òun ọkọ jókòó kojú ara wọn, wọ́n ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́.

"Eustache, ẹsẹ̀ rẹ ti gba gbogbo bàsíà!"

"Ta ló ní kí o fẹ́ ọkùnrin gígùn?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi dákẹ́. Láti ọjọ́ náà, ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ aláwọ̀ funfun bá dúró, Eustache ń wo ilé ìwẹ̀ wò bóyá wọ́n tún gbàgbé ọ̀kan. Kò rí i. Ó ṣèlérí pé òun yóò wá òmíràn kí Noẹ́lì, ọdún Kérésìmesì, tó dé. Ikọ́ àyà ló mú un lọ, kí Noẹ́lì ó tó dé.

Mo gbọ́dọ̀ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ igbá, nítorí òun ni gbogbo rẹ̀ dúró lé. Ní Kpingni, lọ́jọ́ Noẹ́lì, igbá ń ti ilé dé ilé. O bu oúnjẹ ọdún sí igbá rẹ, o gbé e fún mi. Mo jẹ ẹ́ tán, mo fọ igbá, mo fi nǹkan sínú rẹ̀, ì báà jẹ́ ẹ̀kúnwọ́ iyọ̀, kí n tó dá a padà. Igbá kì í padà lófìfo. Bí ó bá sì padà pẹ̀lú ohun tí o fi ránṣẹ́ gan-an nínú rẹ̀, a jẹ́ pé mo kọ̀ ọ́ nìyẹn. Kò tún sí àlàyé.

Nígbà tí Eustache wà, igbá ń wọlé wọn, adìyẹ ló sì máa ń wà nínú rẹ̀. Noẹ́lì àkọ́kọ́ lẹ́yìn ikú rẹ̀, Wúràọlá gbá àgbàlá mọ́, ó wọ aṣọ tó mọ́, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ tí ń bọ̀. Ẹsẹ̀ kọjá. Ó gbọ́ òmíràn, òórùn ata àti ẹran ń bá a bọ̀. Òun náà kọjá. Títí oòrùn fi wọ̀, kò sí igbá kankan tó yà sọ́dọ̀ rẹ̀. Ó wá dìde, ó da eérú bo iná, ó wọlé. "Mo mọ̀ nígbà náà," ó sọ fún mi, "pé ọkọ mi ni wọ́n ń fún. Èmi kọ́ ni wọ́n ń fún."

Bàṣírù gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Bàbá wọn ti kú, òun ló wà nídìí ṣọ́ọ̀bù báyìí. Ó gun mọ́bílẹ́ẹ̀tì, alùpùpù kékeré rẹ̀, wá sí Kpingni, ó jókòó lórí àpótí, kò bọ́ fìlà.

"Wúrà, yàrá kan ṣófo nílé. Wá máa lọ."

"Ẹ̀gbọ́n, ilé ọkọ mi nìyí."

"Ilé ọkọ rẹ ni. Ọkọ dà? Ta ló kí ọ láàárọ̀ yìí kí n tó dé?"

Ewúrẹ́ aládùúgbò nìkan ló ti yọjú. Àmọ́ sàréè Eustache wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, lábẹ́ igi oṣè yẹn, òun ló sì ń gbá eruku kúrò lórí rẹ̀ láràárọ̀. Ta ni yóò máa gbá a? Ó bẹ Bàṣírù pé kó fún òun ní Noẹ́lì kan sí i. "Èmi ni n ó fún wọn lẹ́bùn lọ́tẹ̀ yìí. Bí igbá mi bá padà, mo ní ènìyàn níbí. Bí kò bá padà kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀, ẹ wá kó mi."

"Ẹnu ara rẹ lo fi sọ ọ́ o," ni Bàṣírù wí, ó fi ẹsẹ̀ tẹ mọ́bílẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

Kí ni kó wá fún wọn? Oúnjẹ? Wọ́n kọjá níwájú ilé rẹ̀ pẹ̀lú oúnjẹ, báwo ni yóò ṣe gbé oúnjẹ lé wọn lọ́wọ́? Ọ̀rọ̀ yìí ló ń rò lábẹ́ igi oṣè lọ́jọ́ tí ẹnu rẹ̀ hó. Ó rántí bàsíà. Gbogbo ènìyàn ló ń wẹ̀, àbí?

Èyí tó ṣe lẹ́yìn náà máa ń mú inú mi dùn débi pé mo ti dán an wò fúnra mi, mo sì ti ba ìkòkò ìyá mi jẹ́. Ó lọ kán-ún kúnná, ó fi asẹ́ sẹ́ ẹ. Ó gún èso oṣè, ó yọ kóró rẹ̀ dànù, ó sẹ́ òun náà. Ó pò wọ́n pọ̀, ó bu omi díẹ̀ sí i kí ó lè dì. Ẹ ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó hó tán nínú odó, ó kú síbẹ̀. Omi ni ọ̀tá rẹ̀! Kí ni yóò wá fi dì í tí kì í ṣe omi? Ó jókòó wo odó títí, ó ń fi òrí para nítorí ọyẹ́ ti la ẹsẹ̀ rẹ̀. Òrí! Ó yọ́ òrí díẹ̀, ó pò ó mọ́ ọn pẹ̀lú koríko ọba gbígbẹ tó gún kúnná fún òórùn. Ó la àdó kékeré sí méjì, ó ki ìyẹ̀fun náà sínú ìlàjì méjèèjì, ó pa wọ́n dé, ó tẹ̀ ẹ́ pinpin. Nígbà tó ṣí i, bọ́ọ̀lù kan jókòó síbẹ̀, ó funfun, ó sì ṣe roboto bí ẹyin àwòdì. Ọyẹ́ ti gbẹ gbogbo afẹ́fẹ́, òrí dì gbagidi. Ó dàbí ẹni pé ọyẹ́ gan-an ló bá a ṣe é.

Ọdún tí wọ́n yí orúkọ Dahomey padà sí Bénin ni, kò tíì pé oṣù kan. Gbogbo ẹnu ṣì ń kọ́ ìkíni tuntun ti ìjọba, èyí tó túmọ̀ sí pé nǹkan ti yí padà. Sylvestre, tí í ṣe délégé, aṣojú ìjọba ní abúlé, ń kọjá lẹ́yìn ọgbà, ó ké pé, "Ẹhúzú!"

"Ẹhúzú dandan!" ni Wúràọlá dá a lóhùn láìgbójú sókè.

"Kámárádì Ìyàwó, kí lẹ ń gún látàárọ̀?"

"Nǹkan ọdún ni."

"Ó dáa. Ìjọba ní kí á kọ́kọ́ gbára lé agbára tiwa."

"Nínú ilé yìí, kámárádì, agbára tiwa náà ni èmi nìkan."

Sylvestre rẹ́rìn-ín, ó bá tirẹ̀ lọ. Ó rò pé àwàdà ni.

Àárọ̀ Noẹ́lì, nígbà tí gbogbo abúlé wà ní Mísà, Wúràọlá gbé igbá ẹlẹ́sẹ̀ ẹyẹ rẹ̀ jáde. Bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan wà nínú ewé, igbá kọ̀ọ̀kan wà fún ilé kọ̀ọ̀kan. Ojú ń tì í. Ó ń rò pé bí òun bá bá wọn nílé, wọ́n lè gba igbá nítorí pé òun dúró síwájú wọn. Nítorí náà ó gbé igbá Victoire sẹ́nu ọ̀nà Victoire, ó gbé ti bàbá Théodore tó ń darí àdúrà nígbà tí fadá kò bá sí, ti ìyá àgbà Martine, ti Sylvestre, títí igbá fi tán lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sáré padà sílé bí olè. Wọ́n á mọ̀ pé òun ni. Ta ló tún ní igbá ẹlẹ́sẹ̀ ẹyẹ ní Kpingni?

Ṣé ẹ ti rí àṣìṣe rẹ̀? Òun kò rí i. Inú rẹ̀ ń dùn.

Ọdún lọ. Igbá kankan kò padà. Ọyẹ́ ń fẹ́, ewé oṣè ti re tán. Bí ẹsẹ̀ bá dún lẹ́yìn ọgbà, yóò nu ọwọ́ rẹ̀, yóò dìde, yóò tún jókòó. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í se oúnjẹ nínú ìkòkò tó kéré jù, nítorí ìkòkò ńlá ń fi àyè tó ṣófo hàn án. Nígbà mìíràn ó máa ń sọ̀rọ̀ sí sàréè bó ṣe ń gbá a: "Wọn ò tíì wá o. Bóyá wọ́n ń ṣiṣẹ́ oko." Ó tún máa ń ti ẹnu Eustache dáhùn: "Àwọn èèyàn mi lọ́ra, má dá wọn lóhùn."

Ọjọ́ kan, ó pàdé Victoire lójú ọ̀nà odò.

"Ọkọ mi, ẹ kú ìjọ́ mẹ́ta."

"Ìyàwó." Victoire wo ilẹ̀, ó wo òkè, ó gbé ìkòkò omi láti èjìká kan sí èkejì. "Oòrùn yìí mú o. Mò ń bọ̀ wá kí ọ. Mò ń bọ̀ wá, ṣé o gbọ́?" Ó yára kọjá, omi ń dànù lẹ́yìn rẹ̀. Obìnrin tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ nílé tàbí lóde! Wúràọlá dúró lójú ọ̀nà náà títí ilẹ̀ tó tutù fi gbẹ.

Ó délé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù.

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ láàárín ọ̀sán, òjò ńlá, ooru ń ti ara àpáta jáde bí èémí. Bó ṣe ń dá, Wúràọlá jókòó lórí ẹrù dídì rẹ̀, ó ń dúró de ọkọ̀ Bàṣírù. Ó gbójú sókè. Àwọn ènìyàn ń bọ̀ láti orí òkè, wọ́n ń yọ̀ lórí àpáta tó tutù, wọ́n pọ̀, igbá sì wà lọ́wọ́ gbogbo wọn. Igbá rẹ̀ ni. Ó rí ẹsẹ̀ ẹyẹ lára wọn láti òkèèrè. Ó rí nǹkan funfun nínú wọn.

Wọ́n ń dá a padà. Wọn ò tilẹ̀ jẹ́ kó jẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n para pọ̀ wá kọ̀ ọ́. Ó dìde dúró, ó so ìborùn rẹ̀ dáadáa, kí wọ́n má baà bá a ní ìjókòó.

Bàbá Théodore ló kọ́kọ́ dé, ó na igbá jìnnà sí ara rẹ̀ bí ẹni gbé ejò. "Ìyàwó, jọ̀ọ́, kí lo fún wa? Ó ń mí o!"

"Tèmi ń sunkún!" ni Victoire ké. "Ẹ wo omi lójú ẹ̀!"

Sylvestre ní, "Kámárádì, mo yẹ tèmi wò. Kò ní ẹsẹ̀, kò ní ẹnu, ó sì ń wú. Orí ògiri ni mo gbé e sí, òjò jò sí i, ló bá dìde!"

Wúràọlá wo inú igbá. Ọ̀rinrin òjò ti wọ bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan, ó ti là, ó ń ru fùkẹ̀fùkẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò lò ó. Gbogbo rẹ̀ ló pé láti Noẹ́lì.

"Ẹ ò fi wẹ̀?" ó béèrè.

Wọ́n ń wo ara wọn lójú.

"Wẹ̀ bíi ti báwo?" ni ìyá àgbà Martine wí. "Èmi lá tèmi. Ó kan bí oṣè, ó sì ń ta ahọ́n bíi kán-ún. Mo ní bóyá àádùn tí kò jinná ni, mo bá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán Màríà."

"Ẹ lá a?"

"Ṣé o sọ fún wa pé ká má lá a ni?"

"Kí ló dé tí ẹ ò bi mí? Láti ìgbà yìí!"

Bàbá Théodore wò ó bí ẹni pé ìbéèrè náà kò bójú mu. "Ta ní ń bi olóore pé kí ni èyí? Ṣé ká wá sọ fún ọ pé a ò mọyì ohun tó o fún wa? A ń retí kí ìwọ fúnra rẹ wá sọ ọ́. A ò lò ó, báwo la ṣe fẹ́ dá igbá padà?"

Wúràọlá fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹ̀rín ló jáde. Ẹ̀rín náà mì ín débi tó fi di ìgbátí ilẹ̀kùn mú, ojú rẹ̀ sì kún fún omi. Ó gbé bàsíà Eustache jáde, ó bu omi òjò sí i. "Ẹ jókòó, bàbá. Ẹ bọ́ bàtà." Ó mú bọ́ọ̀lù Théodore, ìlàjì rẹ̀ ṣì gbẹ, ó jù ú sínú omi. Omi hó! Théodore pariwo orúkọ Jésù, ó gbé ẹsẹ̀ sókè, ó rọra sọ ọ́ kalẹ̀, ojú rẹ̀ sì yí padà díẹ̀díẹ̀.

"Ó ń rin mí lẹ́sẹ̀," ó ní. "Ẹ má fi ọwọ́ kàn mí. Ẹ fi mí sílẹ̀ síbí."

Wọ́n ń jà du bàsíà. Láàárín ariwo náà ni Wúràọlá rọra súnmọ́ Victoire. "Ọkọ mi, ẹ dákun. Kí ló dé tí igbá yín kì í yà sọ́dọ̀ mi mọ́ ní Noẹ́lì?"

Victoire tẹ orí ba. "Ìyàwó, ẹlẹ́dẹ̀ là ń sè. Gbogbo òkè yìí, ẹlẹ́dẹ̀ ni. Báwo la ṣe fẹ́ gbé e fún ọmọ ilé ìmàle?"

"Adìyẹ tí ẹ máa ń gbé wá tẹ́lẹ̀ ńkọ́?"

"Eustache ló máa ń mú un wá. Ní gbogbo Noẹ́lì, á mú adìyẹ láàyè wá fún mi, á ní kí n sè é lọ́tọ̀ nínú ìkòkò tuntun, kí n má sì sọ fún ọ." Ó nu ojú. "Ó kú, adìyẹ ò wá mọ́, ojú sì ń tì wá láti fi ọwọ́ òfìfo wá."

Wúràọlá yíjú padà. Ó wo igi oṣè lọ́ọ̀ọ́kán.

Ọkọ̀ Bàṣírù dé, ó fọn fèrè. Ó bọ́ sílẹ̀, ó rí ẹrù dídì, ó rí Théodore tó ti ẹsẹ̀ bọ bàsíà bí ọba, ó rí àwọn ènìyàn tó kún àgbàlá.

"Wúrà, kí lèyí? Igbá rẹ dà? Kó wọn ká dì wọ́n."

Victoire ti ń da omi inú igbá tirẹ̀ nù. Ó fi aṣọ nù ún, ó gbé e sábẹ́ apá. "Igbá wo? Ṣé lófìfo la ó dá a padà? Mò ń gbé tèmi lọ." Ni Martine náà bá gbé tirẹ̀, Sylvestre gbé tirẹ̀. Bí wọ́n ṣe gbé e wá ni wọ́n tún ń gbé e lọ.

Wúràọlá yíjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Igbá mi wà níta, ẹ̀gbọ́n. Ẹni tí igbá rẹ̀ wà níta kì í kó lọ."

Bàṣírù wò ó títí. "Kán-ún bàbá wa lo fi ṣe é?"

"Òun ni, àti oṣè Eustache."

Ó mi orí, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn ẹrù náà fúnra rẹ̀.

Nígbà tí gbogbo wọn lọ tán, ìrọ̀lẹ́ ti ń bọ̀. Omi ẹsẹ̀ wọn wà káàkiri ilẹ̀ ilé, ó sì ń gbẹ. Wúràọlá mú bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo tó kù jáde láti inú ẹrù, èyí tó fi aṣọ wé pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ ìyá rẹ̀, ó ṣì gbẹ. Ó bu omi tuntun sí bàsíà, ó jù ú sí i, ó jókòó. Ó ti ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì fi ẹ̀gbẹ́ kejì sílẹ̀ fún ẹsẹ̀ gígùn Eustache.